Ọ̀sán Kan Lórí Òkè Wachusett: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Fẹ́ Kọ́ Síkì

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni àwọn ará wa tó ń gbé ní Worcester, Boston àti agbègbè wọn máa ń béèrè nígbà tí òtútù bá dé, tí wọ́n sì rí i pé àwọn aládùúgbò wọn ń di pátákó gígùn mọ́ orí mọ́tò. Mo dáhùn wọn fún ẹni tí kò gun síkì rí, tí kò sì ní ju ọ̀sán kan ṣoṣo lọ láti fi dán an wò. Òkè Wachusett ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ìdáhùn náà bá àwọn òkè kékeré mìíràn mu pẹ̀lú.

Kí ni síkì gan-an, kí sì ni ènìyàn ń ṣe lórí òkè ní gbogbo ọ̀sán?

Síkì ni pátákó méjì tó gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí imú rẹ̀ tẹ̀ sókè, tí a ń fi bàtà líle há mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí yìnyín. Ẹ ó jókòó sórí àga tí wáyà ń fà lọ sókè, ẹ ó kúrò lórí rẹ̀ nígbà tó bá gbé yín dé òkè, ẹ ó yọ̀ wá sísàlẹ̀, ẹ ó sì tún padà sídìí àga náà. Ẹni tó gbọ́ ọ báyìí lè rò pé ohun kan náà ni à ń ṣe léraléra, ṣùgbọ́n yìnyín máa ń yí padà láti wákàtí dé wákàtí, ọ̀nà tó sọ̀kalẹ̀ kò jọra, ara ẹni pẹ̀lú sì máa ń mọ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ nígbàkigbà tó bá tún sọ̀kalẹ̀.

Àga náà fúnra rẹ̀ ní ìtàn tó yẹ kí àwa tó ti ilẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá mọ̀. Ní ọdún 1936 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó ní Sun Valley, ní ìpínlẹ̀ Idaho. James Curran, ẹnjiníà kan ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Union Pacific, ti ṣiṣẹ́ rí lórí ẹ̀rọ tó ń fi ìkọ́ gbé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ inú ọkọ̀ ojú omi. Ó rò ó pé bí ìkọ́ bá lè gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀, àga tí a so mọ́ irú okùn bẹ́ẹ̀ lè gbé ènìyàn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí.

Kí ló dé tí ẹ fi ní kí n lọ sí òkè kékeré, nígbà tí àwọn òkè ńlá wà ní Vermont?

Orí Wachusett ga ní 2,006 ẹsẹ̀ bàtà sí ojú òkun, ìyẹn 611 mítà, láti ibi tí àga ń gbé ènìyàn dé ní òkè títí dé ìsàlẹ̀ sì jẹ́ 1,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ní Killington, tó wà ní Vermont, ìsọ̀kalẹ̀ náà lé ní 3,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n gùn. Ní ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ìdágẹ̀rẹ̀ kékeré kan tí kò ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ ni yóò lò fún wákàtí méjì àkọ́kọ́, irú ìdágẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kan náà ló sì wà lórí gbogbo òkè, ì báà jẹ́ ńlá, ì báà jẹ́ kékeré. Ẹni tó bá wa mọ́tò fún wákàtí mẹ́ta kó tó dé ibẹ̀, tó sì san owó òkè ńlá, ti ra ohun tí kò lè lò lọ́jọ́ náà.

Ohun mìíràn tún wà tí mo fẹ́ràn nípa òkè kékeré. Gbogbo ọ̀nà tó wà ní Wachusett ń padà sídìí òkè kan náà níbi tí ilé ìsinmi wà, nítorí náà ó ṣòro kí ènìyàn sọnù, kò sì ṣòro fún ìyá tó jókòó sínú ilé láti rí ọmọ rẹ̀ nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ jẹ́ ará àdúgbò: akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ìwé, nọ́ọ̀sì tó ń lọ sí iṣẹ́ alẹ́, bàbá tó mú ọmọ méjì wá. Ilẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni òkè náà. Ní ọdún 1930 sí 1939, nígbà tí iṣẹ́ wọ́n gidigidi ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ gba àwọn ọ̀dọ́kùnrin síṣẹ́ láti máa tún igbó àti òkè ṣe, àwọn ni wọ́n sì la àwọn ọ̀nà síkì àkọ́kọ́ níbẹ̀. Láti ọdún 1969 ni ẹbí Crowley ti ń bójú tó o.

Báwo ni mo ṣe lè dé ibẹ̀ bí n kò bá ní mọ́tò?

Láti Boston, ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Fitchburg ní North Station, kí ẹ sì bá a dé òpin ọ̀nà rẹ̀. Ibùdó Wachusett ni wọ́n ń pè é, ọdún 2016 ni wọ́n sì ṣí i. Ọkọ̀ kékeré kan máa ń gbé àwọn tó fẹ́ gun síkì láti ibẹ̀ lọ sí ìdí òkè ní òpin ọ̀sẹ̀ lásìkò yìnyín, ṣùgbọ́n ẹ wo àkókò rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí pé ó máa ń yí padà láti ọdún dé ọdún. Fún ẹni tó ní mọ́tò, bí wákàtí kan ni láti Boston, kò sì tó bẹ́ẹ̀ láti Worcester.

Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀sán? Ṣé kì í ṣe òwúrọ̀ ni àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn máa ń lọ?

Òótọ́ ni pé wọ́n máa ń lọ ní òwúrọ̀, nítorí pé alẹ́ ni katakata ńlá máa ń tẹ́ ojú yìnyín, tí ó sì máa ń dán mọ́rán nígbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ní apá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà níbí, òjò máa ń rọ̀ sórí yìnyín nígbà òtútù, òtútù alẹ́ á sì sọ ọ́ di omi dídì. Ojú ilẹ̀ tó le bí òkúta láàárọ̀ kò dára fún ẹni tí yóò ṣubú nígbà púpọ̀. Nígbà tí oòrùn bá ti ràn sí i títí di ọ̀sán, pàápàá láti ìparí oṣù Kejì lọ, yìnyín náà á rọ̀, á sì gba ènìyàn mọ́ra. Lẹ́yìn èyí, ẹsẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kò lè ṣe ju wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lọ kó tó rẹ̀ ẹ́, nítorí náà kò sí ìdí tó fi yẹ kó san owó odidi ọjọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí díẹ̀.

Ẹ ṣírò ìwọ̀ oòrùn mọ́ ọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, oòrùn máa ń wọ̀ ní agbègbè Boston ní nǹkan bí aago 4:12; ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní, ó máa ń tó aago márùn-ún; ní àárín oṣù Kẹta, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yí aago padà, ó máa ń sún mọ́ aago méje. Wachusett ní iná lójú ọ̀nà, àwọn ènìyàn sì ń gùn níbẹ̀ títí di alẹ́, ṣùgbọ́n kí òkùnkùn tó kún débi tí iná yóò fi hàn dáadáa, àsìkò kan wà tí ìmọ́lẹ̀ máa ń pọ́ọ́kú tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi ní mọ gegele yàtọ̀ sí kòtò. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wọlé lọ mu nǹkan gbígbóná.

Ẹ yẹra fún òpin ọ̀sẹ̀ tí ìsinmi Martin Luther King bọ́ sí ní oṣù Kìn-ín-ní, kí ẹ sì yẹra fún ọ̀sẹ̀ ìsinmi ilé ìwé Massachusetts ní oṣù Kejì. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ló tura jù lọ. Bí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, ó sábà máa ń dín ju kí ẹ rà á lójú fèrèsé lọ.

Bí yìnyín kò bá tíì rọ̀ ní àdúgbò mi, ṣé mo lè lọ?

Ẹ lè lọ. Gbogbo ọ̀nà tó wà ní Wachusett ni wọ́n ti ri páìpù omi sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì lè fi ẹ̀rọ da yìnyín sí. Níbi tí yìnyín kò tíì rọ̀, ẹ̀yin yóò rí òkè tó funfun láàárín igbó tó ṣì dúdú, kí ẹnu má sì yà yín.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà yẹ ní mímọ̀, nítorí pé òun ló gbé gbogbo òkè kékeré tó wà ní agbègbè yìí ró. Ẹ̀rọ á fún afẹ́fẹ́ pọ̀, á sì tú u jáde pa pọ̀ mọ́ omi. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ bá rí àyè fẹ̀, ó máa ń tutù gan-an, omi náà á fọ́ sí wẹ́wẹ́, á sì dì kó tó balẹ̀. Kì í ṣe òtútù nìkan ló ń pinnu bí yóò ti rí, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ náà wà níbẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ bíi ti ọyẹ́, díẹ̀ lára omi náà á fẹ́ lọ, èyí tó kù á sì tutù sí i, nítorí náà wọ́n lè ṣe yìnyín nígbà tí òtútù kò tíì pọ̀ jọjọ. Bí afẹ́fẹ́ bá kún fún ọ̀rinrin, ìwọ̀n òtútù kan náà lè má tó. Ìdí rèé tí àwọn òṣìṣẹ́ òkè fi ń lo ìwọ̀n òtútù tí wọ́n ti pa ọ̀rinrin pọ̀ mọ́, tí wọ́n sì máa ń dúró kó lọ sí nǹkan bí 28 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, ìyẹn òdo dín méjì lórí ti Celsius, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ.

Ìpínlẹ̀ Connecticut, tó múlé gbe Massachusetts, ni ọgbọ́n yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnjiníà mẹ́ta tó ń ṣe pátákó síkì tà ní Milford, ìyẹn Wayne Pierce, Art Hunt àti Dave Richey, rí i pé ọjà wọn kò tà nígbà tí yìnyín kò rọ̀. Ní ọdún 1950, wọ́n so ẹnu ẹ̀rọ tí a fi ń fọ́n ọ̀dà mọ́ ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ àti rọ́bà omi, wọ́n sì rí yìnyín. Bí kì í bá ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni, ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkè kékeré tó wà nítòsí ìlú ńlá kò ní lè dá ara wọn bọ́ lónìí.

Kí ni kí n wọ̀?

Ìbéèrè yìí gba àlàyé gùn, nítorí pé aṣọ ló ń ba ọ̀sán àkọ́kọ́ jẹ́ fún àwọn ènìyàn wa ju ìṣubú lọ. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má wọ aṣọ òwú mọ́ ara. Aṣọ òwú máa ń fa òógùn mu, kì í sì í tètè gbẹ, bí ẹ bá wá jókòó sórí àga tí atẹ́gùn ń fẹ́ lù yín, òógùn náà á di òtútù sí yín lára. Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú àti ṣòkòtò jíǹsì wà lára ohun tí mò ń sọ. Aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí a fi irun àgùntàn tàbí ọ̀rá híhun ṣe ni kí ẹ wọ̀ mọ́ ara. Kí ẹ fi súwẹ́tà lé e. Kí ẹ wá fi jákẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò tí omi kò lè wọ̀ bò ó. Kí ẹ má kó aṣọ tó nípọn bí ibùsùn sára, nítorí pé ara yóò gbóná nígbà tí ẹ bá ń gùn.

Ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ wọ̀, kó fẹ́lẹ́, kó sì ga dé orókún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wọ méjì tàbí mẹ́ta nítorí òtútù, bàtà á sì fún wọn ní ẹsẹ̀ débi pé ẹ̀jẹ̀ kò ní rìn dáadáa, ìka á sì tutù ju ti ẹni tó wọ ẹyọ kan lọ. Ìbọ̀wọ́ tí omi kò lè wọ̀ ṣe pàtàkì bákan náà. Èyí tí a fi òwú hun kì í pẹ́ tó fi ń tutù pátápátá.

Akoto, ìyẹn fìlà líle tó ń dáàbò bo orí, ṣe dandan lójú tèmi, bí òfin òkè kò tilẹ̀ fi dandan mú àgbàlagbà. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ dirun, ẹ ronú nípa akoto kí ẹ tó yan irun tí ẹ ó ṣe. Irun dídì tó bá ga lórí, tàbí tí a wé jọ sí àtàrí, máa ń ti akoto sókè kúrò níwájú orí, akoto tí kò bo iwájú orí kò sì lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ di í sẹ́yìn, kó wálẹ̀ sí ọrùn. Ìborùn àwọn obìnrin Mùsùlùmí rọrùn lábẹ́ akoto bó bá fẹ́lẹ́, tí kò ní pín-ìnnì, tí a sì ti etí rẹ̀ bọ inú jákẹ́ẹ̀tì, kó má baà lọ́ mọ́ àga. Ní ti gèlè àti sìkáàfù gígùn, ẹ fi wọ́n sílé.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ awọ ara. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé òtútù máa ń ṣe àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú léṣe ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn aláwọ̀ funfun lọ, àní nígbà tí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe bá jọra. Nítorí náà, ẹ má fi ojú kékeré wo ìka tó bá ń kú. Lára wa, ibi tí òtútù bá ti ń bà jẹ́ lè má pọ́n rárá. Ó lè ṣí bí eérú, kó le, kó má sì mọ ohun tó kàn án. Bí ẹ bá rí èyí ní imú, etí tàbí ìka, ẹ wọlé lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ pa á, ẹ jẹ́ kí ó yá díẹ̀díẹ̀ nínú abíyá tàbí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ sì pe àwọn ẹ̀ṣọ́ òkè bí kò bá padà bọ̀ sípò. Oòrùn náà ń ṣiṣẹ́: yìnyín tuntun lè dá tó 80 nínú 100 ìtànṣán rẹ̀ padà sí ojú ènìyàn, nítorí náà ẹ fi ìpara ààbò oòrùn kun ojú, kí ẹ sì lo awò ojú.

Ṣé kí n ra síkì àti bàtà?

Rárá. Ẹ yá wọn níbẹ̀. Ẹni tó ń bójú tó o yóò béèrè ọjọ́ orí yín, gíga yín, ìwọ̀n ara yín àti bí ẹ ti mọ̀ ọ́n gùn tó, kó lè fi ṣètò ìdè tó ń di bàtà mú mọ́ síkì. Ìdè yìí gbọ́dọ̀ tú fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣubú, kí orókún má baà lọ́, kò sì gbọdọ̀ tú nígbà tí ẹ bá ń gùn lọ. Ẹ sọ ìwọ̀n ara yín bó ti rí gan-an, láìfi ohunkóhun pamọ́. Ẹni tó bá ní òun fúyẹ́ ju bó ti yẹ lọ, ìdè rẹ̀ lè tú nígbà tí kò yẹ. Ẹni tó bá ní òun ti mọ̀ ọ́n gùn nígbà tí kò tíì mọ̀, ìdè rẹ̀ lè kọ̀ láti tú.

Bàtà síkì le, kò sì dà bí bàtà kankan tí ẹ ti wọ̀ rí. Nígbà tí ẹ bá dúró ṣánṣán, ó yẹ kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan iwájú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí ẹ bá tẹ orókún síwájú, kí wọ́n kúrò lára rẹ̀. Kí gìgísẹ̀ má lè gbéra nínú rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ wà nínú bàtà: ẹ má ti ẹnu ṣòkòtò bọ̀ ọ́, nítorí pé ìṣẹ́po aṣọ kékeré á ti bó ojúgun yín kí wákàtí kan tó pé.

Ṣé ó pọn dandan kí n gba olùkọ́? Ọ̀rẹ́ mi ní òun yóò kọ́ mi.

Ẹ gba olùkọ́. Ọ̀rẹ́ tó mọ̀ ọ́n gùn kì í rántí mọ́ bí ẹ̀rù ṣe ń rí, á sì mú yín lọ sókè kí ẹ tó mọ bí a ti ń dúró. Ní òkè kékeré, wọ́n sábà máa ń ta ẹ̀kọ́ wákàtí kan sí méjì, ìyálò irinṣẹ́ àti tíkẹ́ẹ̀tì ìdágẹ̀rẹ̀ kékeré pa pọ̀ fún ẹni àkọ́kọ́, iye rẹ̀ sì máa ń dín ju kí ẹ rà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lọ.

Ohun tí olùkọ́ yóò fi hàn yín kò pọ̀, ṣùgbọ́n ètò rẹ̀ ló ṣe kókó. Ẹ ó kọ́kọ́ wọ síkì ẹyọ kan lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹsẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ ó kọ́ bí a ti ń dúró: ẹ ó mú imú síkì méjèèjì súnmọ́ra, ẹ ó sì ti ìdí wọn sẹ́yìn síta, kí etí inú wọn lè gé yìnyín. Bí ẹ bá ti ìdí wọn síta sí i, ẹ ó dúró. Bí ẹ bá jẹ́ kó súnmọ́ra, ẹ ó máa lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yíyà. Ẹni tó bá fẹ́ yà sí òsì á tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹni tó bá fẹ́ yà sí ọ̀tún á tẹ ti òsì. Kápẹ́ẹ̀tì kan tó ń rìn fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbé yín padà sókè ní gbogbo àkókò yìí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni fífara sẹ́yìn. Nígbà tí ènìyàn bá rí ìdágẹ̀rẹ̀ níwájú, gbogbo ara rẹ̀ á fẹ́ sá sẹ́yìn, ìdí síkì á wá gba gbogbo ìwúwo, imú rẹ̀ á fúyẹ́, kò sì ní gbọ́ràn mọ́. Ẹ jẹ́ kí ojúgun yín tẹ ahọ́n bàtà ní gbogbo ìgbà. Ó ṣòro láti gbà pé fífara síwájú sí ohun tó ń bani lẹ́rù ló ń dáàbò bò ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà á ní ọ̀sán àkọ́kọ́ máa ń tètè mọ̀ ọ́n.

Bí mo bá ń ṣubú lọ, kí ni kí n ṣe?

Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́, ní ìhà òkè. Ẹ má na ọwọ́ sílẹ̀ láti fi gba ara dúró, ẹ má sì gbìyànjú láti dìde nígbà tí ẹ bá ṣì ń yọ̀ lọ. Láti dìde, ẹ yí síkì méjèèjì kí wọ́n dábùú ìdágẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì wà ní ìsàlẹ̀ ara yín. Bí wọ́n bá kọjú sísàlẹ̀, bí ẹ bá ṣe ń dìde ni wọn yóò máa gbé yín lọ.

Àga orí wáyà náà ń bà mí lẹ́rù.

Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ tó wà nídìí àga pé ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí, yóò sì mú kó rọra rìn. Bí ẹ bá mú ọ̀pá síkì dání, ìyẹn ọ̀pá méjì tí a máa ń fi ọwọ́ mú nígbà tí a bá ń gùn, ẹ kó méjèèjì sí ọwọ́ kan, ẹ dúró lójú ìlà, ẹ bojú wẹ̀yìn, ẹ jókòó nígbà tí àga bá kan ẹsẹ̀ yín, kí ẹ sì fa irin ààbò sílẹ̀. Bí ẹ bá súnmọ́ òkè, ẹ gbé imú síkì sókè díẹ̀, ẹ dúró nígbà tí ẹsẹ̀ bá kan ilẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó gbé yín lọ tààrà kúrò níbẹ̀, nítorí pé àwọn mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá jókòó dáadáa kí àga tó gbéra kó jẹ́ kó kọjá. Ẹni tó bá gbàgbé láti sọ̀kalẹ̀ ní òkè kò gbọdọ̀ fò. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ yóò dá ẹ̀rọ dúró.

Kí ni ìtumọ̀ àwọn àmì aláwọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà?

Ní Amẹ́ríkà, òbìrí aláwọ̀ ewé ni ọ̀nà tó rọrùn jù, onígun mẹ́rin aláwọ̀ búlúù ni èyí tó tẹ̀ lé e, dáyámọ́ńdì dúdú sì ni èyí tó le. Òkè kọ̀ọ̀kan ló ń fi ọ̀nà rẹ̀ wé ara wọn, nítorí náà búlúù ibì kan lè le ju búlúù ibòmíràn lọ. Ẹni tó bá ti Yúróòpù wá yóò rí i pé wọ́n ń lo pupa níbẹ̀ láàárín búlúù àti dúdú. Ní ọ̀sán àkọ́kọ́, aláwọ̀ ewé nìkan.

Òfin wo ló wà láàárín àwọn tó ń gùn?

Ẹni tó wà níwájú yín ní ìsàlẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀nà. Kì í rí yín, ẹ̀yin lẹ rí i, nítorí náà ẹ̀yin ni kí ẹ yà fún un. Bí ẹ bá fẹ́ sinmi, ẹ kúrò lọ sí etí ọ̀nà, níbi tí ẹni tó ń bọ̀ láti òkè yóò ti rí yín, kì í ṣe ní abẹ́ gegele. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lẹ́yìn ìdúró, ẹ wo òkè ná. Ẹ má gun síkì lẹ́yìn ọtí. Fóònù tí ẹ fẹ́ fi ya àwòrán, etí ọ̀nà ni kí ẹ ti yọ ọ́.

Jínótáìpù mi jẹ́ SS. Ṣé mo lè lọ?

Dókítà yín ni kó kọ́kọ́ dáhùn èyí, ẹ má sì lọ láìbi í. Òtútù, àìmu omi tó àti iṣẹ́ àṣekára lè fa ìrora àìsàn náà, ọ̀sán síkì sì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Àǹfààní òkè kékeré ni pé kò ga tó èyí tí afẹ́fẹ́ yóò fi dínkù fún èémí. Bí dókítà bá gbà, ẹ yan ọjọ́ tí oòrùn wà, ẹ mu omi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wọlé yáná nígbà gbogbo dípò kí ẹ dúró títí òtútù yóò fi mú yín, kí ẹ sì má dá lọ. Ẹni tó jẹ́ AS kì í sábà ní ìṣòro lórí òkè bíi Wachusett. Àwọn òkè gíga bíi ti Colorado, tó ga ju 3,000 mítà lọ, ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ tún ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín yẹ̀ wò bí ẹ kò bá mọ èyí tó jẹ́.

Ọmọ ọdún mélòó ló lè bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ ọdún mẹ́rin lè bẹ̀rẹ̀ bó bá fẹ́, ní kíláàsì àwọn ọmọdé. Ẹ jẹ́ kó ṣeré fún wákàtí kan, kó sì dúró nígbà tó bá ní ó tó.

Bí mo bá farapa ńkọ́?

Ẹ dúró síbi tí ẹ wà. Kí ẹni tó wà pẹ̀lú yín gún síkì méjì sínú yìnyín lókè yín díẹ̀, kí wọ́n kọjá lórí ara wọn bí àgbélébùú, kí àwọn tó ń bọ̀ lè yà, kó sì pe àwọn ẹ̀ṣọ́ òkè. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí ti kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, wọ́n sì ní ọkọ̀ yìnyín tí wọ́n fi ń gbé ènìyàn sọ̀kalẹ̀. Láti ọdún 1938 tí Charles Minot Dole ti dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń ṣe é láìgba owó, mo sì bu ọlá fún wọn. Orókún ni síkì máa ń pa lára jù, lẹ́yìn náà ni àtàǹpàkò, nígbà tí ènìyàn bá ṣubú tó sì di ọ̀pá mú.

Ṣé àwọn ènìyàn wa wà nínú eré yìnyín?

Wọ́n wà. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 2018 ní Pyeongchang, Seun Adigun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga ṣojú Nàìjíríà nínú eré ọkọ̀ yìnyín, Simidele Adeagbo sì dojú bolẹ̀ sórí pákó kékeré tó ń sáré lójú omi dídì. Samuel Ikpefan ló gun síkì fún Nàìjíríà ní Beijing ní ọdún 2022. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, Alessia Afi Dipol àti Mathilde-Amivi Petitjean ti gun síkì fún Togo ní Sochi, ní ọdún 2014.

Nígbà wo ni kí n dáwọ́ dúró, nígbà wo sì ni mo lè lọ sí ọ̀nà búlúù?

Ẹ dáwọ́ dúró nígbà tí itan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tí ẹ bá ń gbìyànjú láti dúró, kódà bí wákàtí kan bá ṣì kù lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ kì í lè ti ìdí síkì síta mọ́, ibẹ̀ sì ni ènìyàn ti máa ń sáré ju agbára rẹ̀ lọ. Ní ti ọ̀nà búlúù, ẹ padà wá sí òkè kan náà yìí ní ọ̀sán mìíràn ná. Bí ẹ bá lè dúró níbikíbi tí ẹ bá fẹ́ lórí ọ̀nà aláwọ̀ ewé, tí ẹ lè yà sí òsì àti sí ọ̀tún láìronú sí i, tí ẹ sì lè sọ̀kalẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra láìṣubú, ẹ bi olùkọ́ léèrè búlúù tó rọrùn jù lójú ọjọ́ náà, kí ẹ sì gùn ún kí ilẹ̀ tó ṣú.